Alẹ́ Jímọ̀ Kan ní Pópó Àgùdà

"Kí ló dé, ṣé oúnjẹ ò sí nílé ni?"

Ohun tí ìyá ìyàwó mi kọ́kọ́ bi wá nìyẹn, nígbà tí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá wa wo àwọn ìbejì lálẹ́ Jímọ̀ nítorí pé a fẹ́ jáde lọ jẹun. Mo sáré bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní, "Mà, kì í ṣe ojú kan la ti máa jẹun ọ̀hún. A máa tọ́ díẹ̀ wò níbí, a máa mu díẹ̀ lọ́hùn-ún, a ó sì máa fẹsẹ̀ rìn láti ibì kan dé ibì kejì." Wọ́n gbé awò ojú wọn sókè, wọ́n wò mí títí.

"Ẹ máa rìn kiri, ẹ máa jẹun. Bí ewúrẹ́."

Mi ò rí èsì fọ̀.

Wọn ò kúkú parọ́. Nílé tí èmi náà ti jáde, ẹni tó bá ń jẹun lójú títì, ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ ni. Ní Abẹ́òkúta, mo ti jẹ ìfọ́tí rí nítorí àkàrà. Ìdí àdògán ni wọ́n rán mi lọ. Mo ra àkàrà náà tán, ebi ń pa mí, mo mú ẹyọ kan sẹ́nu lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ ìyá mi kan sì rí mi. Kí n tó délé, ìròyìn ti délé. Àkàrà kan ṣoṣo! Kì í ṣe pé mo jẹ àkàrà ló bí ìyá mi nínú, pé gbogbo àdúgbò rí ẹnu mi níbi tó ti ń lọ sókè sódò ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbèrò irú ìjáde tí mò ń sọ yìí, kó mọ̀ pé ìwà tí wọ́n fi ẹgba lé kúrò lára òun ní kékeré lòun ń fi owó ara òun rà padà.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ó sì dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìrántí ọdún keje ìgbéyàwó wa ni. Mo wa ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó. Àṣìṣe kìíní nìyẹn, nítorí pé bíi wákàtí kan la fi wá ibi tí a máa gbé e sí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ní ilẹ̀ níbẹ̀ ló sì gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Níbi àkọ́kọ́ tí a wọ̀, ilé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, ebi ti sọ mí di wèrè. Mo ní kí wọ́n bu àmàlà fún àwa méjèèjì, kí ó kún, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ṣàkì, ẹ̀dọ̀, bọ̀kọ́tọ̀. A jẹ ẹ́ tán, a wo ara wa bí òjòlá méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹran mì. Ibi mẹ́ta ló ṣì kù nínú ètò mi. Ẹ̀rọ POS wọn tún yọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lépa owó kejì kó tó padà. Bí a ṣe ń rìn lọ síbi tó kàn, gìgísẹ̀ bàtà ìyàwó mi há sí àárín kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà, ó sì kán. Mo gbé bàtà kan dání, ó wọ ìkejì, a ń tiro padà sídìí ọkọ̀. Láti orí Afárá Èkó títí a fi délé, rédíò nìkan ló sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣìnà gan-an. Kì í ṣe bàtà, kì í ṣe POS. Èmi ni mo mú ìjáde bí ẹni mú ilé ìnáwó, níbi tí ẹni bá jẹun tí kò yó ti máa ń bínú sí olóde. Irú ìrìn yìí yàtọ̀ síyẹn. Ẹnu ló ń lọ sóde, ikùn kàn ń sìn ín lọ ni. Bí ikùn bá ṣíwájú ẹnu, òde ti tán.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó ti ìwé àti bírò. Àdúgbò wo? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Victoria Island ni ká lọ, mo ní rárá. Níbẹ̀, ibi oúnjẹ kan sí èkejì, ọkọ̀ lèèyàn máa wọ̀, kí ni wọ́n wá ń pè ní ìrìn nínú ìyẹn? Àti pé ìwé oúnjẹ wọn níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí n ka iye owó kí n tó ka orúkọ ọbẹ̀. Súrùlérè dáa, mo fẹ́ràn òpópónà Bode Thomas, ṣùgbọ́n èmi ni mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ìyàwó mi ńkọ́? Ìgbà tí mo bi ara mi ní ìbéèrè yẹn ni mo rí i pé nínú gbogbo ètò ọjọ́sí, mi ò ronú nípa rẹ̀ rárá àfi bí ẹni tí yóò jókòó sí àga kejì. Ọmọ Àgùdà ni lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ gbé ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, lẹ́bàá Campos Square, níbi tí àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsílì àti Kúbà padà dé tẹ̀dó sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọdún mẹ́sàn-án la ti fẹ́ ara wa, a ò sì tíì fẹsẹ̀ rìn àdúgbò yẹn pọ̀ rí. À ń fi ọkọ̀ kọjá ni, pẹ̀lú gíláàsì tí a gbé sókè.

Ohun kejì tó tú ètò náà sílẹ̀ fún mi ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún péré. Fẹ́sítáàkì là ń gbé, Mile 2 kò jìnnà sí wa. Bí kò bá sí ọkọ̀ láti gbé síbì kan, kò sí ọmọ onílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní "má mu ún o, ìwọ lo máa wakọ̀."

Mo kó àwọn nǹkan kéékèèké jọ. Bàtà pẹlẹbẹ. Owó bébà ní ẹyọ kéékèèké, nínú àpò méjì, kí POS tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí èyí tí kò bá fẹ́ máa sùn. Àwo kan, ṣíbí méjì, níbi gbogbo tí a bá dé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun gbígbẹ ni yóò ṣáájú, olómi yóò wà láàárín, ata yóò gbẹ̀yìn, nítorí pé ahọ́n tí ata bá ti jó kò ní mọ adùn ohun mìíràn mọ́. Mo tún kọ ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣètò ẹmu fún obìnrin ní àárín Èkó, tí kò ṣètò ibi tí yóò ti tọ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni. Freedom Park wà ní ìdajì ọ̀nà, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó láti fi í sáàárín ètò. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Ghana High wù mí fún ìrẹsì àti dòdò wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, mo yọ ọ́ kúrò. Oṣù Kọkànlá ni, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn kì í sì í pẹ́ wọ̀, a ní láti dé ibi àwọn ilé àtijọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí a tó wọkọ̀. Ìyàwó mi máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Níwájú ìyá rẹ̀, níwájú ìyá mi, níwájú àwọn ọmọ, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un." Nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà, "ìwọ" ni mo ń jẹ́. Ìgbà tí "ìwọ" kú, mi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kó pa á. Ilé kún, ọmọ dé, àgbà ń wọlé jáde, "ẹ" sì gba gbogbo ilé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, "ẹ" ṣì ni. "Ẹ wò ó, ẹ ò rí Tíátà?" Ilé ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ sí Ìgànmú kí wọ́n fi ṣe FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú, ní 1977 ló ń tọ́ka sí, ó jókòó bíi fìlà sójà. Torí àlejò FESTAC yẹn náà ni wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò tí à ń gbé. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni irin gun orí ọ̀sà, omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sì yọ fóònù jáde àfi obìnrin àgbà kan tó di ojú rẹ̀ pa, tó ń gbàdúrà.

Ní CMS, lẹ́bàá ibùdókọ̀ Marina tí a sọ̀ sí, iná èédú ló kí wa káàbọ̀. Mo ti sọ pé bọ́lì la máa fi ṣí ẹnu. Obìnrin tó ń yan án jókòó lẹ́yìn àgbá tí wọ́n là sí méjì, wáyà sì wà lórí rẹ̀. Kì í fi ọ̀bẹ gún un wò. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń wo bí ibà ọmọ ṣe gbóná tó. Èyí tó bá tẹ̀ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ti jinná nìyẹn. Èyí tó bá ṣì le, ó dá a padà síbi tí èédú ti rẹ̀. Ó mú ọ̀kan tó ti pọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ fún wa, ó fi ọ̀bẹ họ ibi tó jó lára rẹ̀, ó gé e sí mẹ́rin, ó da ẹ̀pà lé e nínú bébà. Ìyàwó mi fẹ́ ra ìkejì. Mo ní ó tì o. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti di ahun. Mo fi ìwé ètò hàn án, ó kà á títí dé ibi ìgbọ̀nsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀pà fò jáde lẹ́nu rẹ̀ ní gbangba òde, lójú gbogbo èrò CMS. Mo rántí ìyá mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbọ́lì náà ni alágbo wà, pẹ̀lú ìgò rẹ̀ ní ìtò-ìtò, ewé àti egbò nínú ọtí. Mo yà síbẹ̀, kò sí nínú ètò. Mo ní kí ó fún mi ní díẹ̀ nínú ti ọpa ẹ̀yìn. Ó wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Bọ̀dá, èyí tó dáa fún inú ilé náà wà o." Ìyàwó mi ti rìn síwájú, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mu ti ẹ̀yìn. Ó korò dé ìdí eyín.

Òpópónà Kakawa ló kàn. Mo ti fi Ilé Omi sí ibi mímu àkọ́kọ́ nínú ìwé mi, ìyàwó mi sì ń bi mí pé irú ilé ọtí wo ló wà níbẹ̀. Ilé náà ṣì dúró, ilé àwọn Da Rocha. Ọmọ Iléṣà ni João Esan da Rocha, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré lọ sí Bùràsílì, ó sì padà sí Èkó ní àgbà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Inú ọgbà ilé yẹn ni kànga wà, wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará Èkó nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì sí, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ọmọ rẹ̀, Candido, tó kú ní 1959, lówó débi pé ó di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn. Bí o bá tọrọ ohun tó kọjá agbára ẹnìkan, á bi ọ́ pé ṣé òun ni Da Rocha ni. Mo yọ píọ̀ wọ́tà méjì jáde nínú báàgì, mo fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́ níwájú ilé náà.

"Omi? Omi lẹ gbé mi wá mu láti Fẹ́sítáàkì?"

"Omi ni wọ́n fi kọ́ ilé tí ò ń wò yẹn."

Ó fi eyín já etí ọ̀rá náà, ó mu ún, ó sì wo ọnà ara ògiri náà fún ìgbà pípẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Agbo tó wà lẹ́nu mi náà rí nǹkan fi ṣan.

Mo fẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ kan dé Tinubu Square kí a tó padà sí Broad Street, nítorí ilé ọtí kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n kọ́ ọ, Casa do Fernandez lorúkọ rẹ̀ nígbà náà, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí pọ̀ ni, àwọn òpó rẹ̀ dúró bí ọkùnrin tó dì kájà. Alfred Omolona Olaiya rà á ní 1933, ilé náà sì di Ilojo. Ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Kí wọ́n tó wó o, mo ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, mò ń sáré lépa dánfó, mi ò gbójú sókè rí. Ó ṣì ń dùn mí. Mo kà á mọ́ àwọn ibi tí a dé lálẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ ẹ̀pà tó kù níbẹ̀ ní ìdúró, a ò sọ nǹkan kan, a ṣíwájú.

Ìrìn Broad Street lálẹ́ Jímọ̀ kì í ṣe fún ẹni tí ara ń ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, alábàrù ń pariwo "àgò!" lẹ́yìn ẹ. Ìyàwó mi ló di ọwọ́ mi mú kí èrò má bàa yà wá, kì í ṣe èmi. Kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí èrò fúyẹ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ẹ̀wọ̀n náà, àwọn ará Èkó ń ju iná lu orí rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n kó bíríkì wá láti ìlú wọn. Herbert Macaulay gbé ibẹ̀ rí, Awólọ́wọ̀ náà gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n wó o ní 1979, ilẹ̀ náà di ààtàn, kó tó di pé ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró sí báyìí. Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbàgbé ìyẹn tí wọ́n bá ti ń lu ìlù, ṣùgbọ́n ìlù ọ̀hún máa ń dùn náà ni.

A rí àga lábẹ́ igi kan. Ẹmu dé nínú ike. Ẹmu àárọ̀ ló ń dùn bí ṣúgà, ti ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó ti ń ta lẹ́nu, ó sì máa ń yára gun ènìyàn lórí, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sọ̀ lórí ọ̀pẹ ló ti ń pọn ara rẹ̀ ní ọtí. Èyí tí wọ́n gbé fún wa ti pé ọkùnrin. Mo fẹ́ ní kí wọ́n yan ẹja fún wa, bí mo ṣe kọ ọ́, nítorí ata gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Ìyàwó mi ti pe ọmọ tó ń gbé oúnjẹ, ó ní kó mú pẹpẹ súùpù ẹja wá, kí ata rẹ̀ tó ata.

Mo ní, "Ata ló yẹ kó gbẹ̀yìn."

Ó ní, "Ìwọ, ta ló fi ẹ́ jẹ ọba ata?"

Ọwọ́ mi dúró lórí ife. Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Mi ò tọ́ka sí i, nítorí pé ohun tó bá jáde fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí o bá pè é, á sá padà sínú ihò. Mo kàn bu ẹmu sí i. Pẹpẹ súùpù dé, èéfín rẹ̀ mú imú wa méjèèjì ṣomi, a ń já orí ẹja náà gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé. Ahọ́n mi jó. Ètò mi ti bàjẹ́ láti ibẹ̀ lọ, n kò sì lè sọ pé ó dùn mí.

Nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ a gba ọ̀nà Igbósẹ̀rẹ̀ sí Campos. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ti pẹ́ jù pẹ̀lú ẹmu, mo fẹ́ kí a rí àwọn fèrèsé alọ́nà yíyípo yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Jẹnẹrétọ̀ ń sọ̀rọ̀ níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì, wọ́n dúró kí a kọjá, ọ̀kan nínú wọn kí wa, "Ẹ káalẹ́ mà, ẹ káalẹ́ sà." Ẹ̀wà àgànyìn ló wà nínú ètò níbẹ̀. Obìnrin tó ń tà á ti gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ̀wà náà ti jinná kọjá jíjinná, ṣíbí kò ní iṣẹ́ láti tẹ̀ ẹ́. Ata rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí ó ti bá epo pupa jà títí tí epo náà fi gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti ìhà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá, tí Èkó ń pè ní Àgànyìn, ló fi oúnjẹ yìí silẹ̀ fún wa. Mo ra àwo kan àti búrẹ́dì Àgége. A jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ó mú ṣíbí kìíní, ó dúró. Ó ń wo ilé tó wà lọ́ọ̀kán.

"Ẹ̀yìn ilé yẹn ni Màmá Àgbà ń gbé," ó wí. "Asẹ́ ni wọ́n fi ń pa wá níbẹ̀."

Mo ní, "Asẹ́ báwo?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fréjọ̀n. Ọjọ́ Jímọ̀ Olóyin, Jímọ̀ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, gbogbo ilé Àgùdà ló ń sè é. Wọ́n á se ẹ̀wà lóru mọ́jú kó lè rọ̀ dáadáa, wọ́n á lọ̀ ọ́, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n á wá kó asẹ́ fún kí wọ́n máa fi ọwọ́ rà á kọjá, títí tí kò ní ku èèpo ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi àgbọn sí i, omi àkọ́fún tó ki, pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù díẹ̀, wọ́n á rò ó títí á fi dán. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Ó fi ìka tó dì mọ́ ṣíbí hàn mí bí wọ́n ṣe ń rà á, àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìka. Ó ní bí ọwọ́ bá ti bó, Màmá Àgbà á ní kí ó fi ìrora náà rúbọ fún Olúwa. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé abọ́ lé wọn lórí, wọ́n á máa pín in kiri àdúgbò, títí kan ilé àwọn Mùsùlùmí, abọ́ kò sì gbọ́dọ̀ padà wálé lófìfo.

Mo wá rántí nǹkan kan. Ọjọ́ tí a sọ àwọn ìbejì lórúkọ, ìyá rẹ̀ ló se ẹ̀wà tí a fi ṣe sàárà fún àwọn ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì. Mo tọ́ ọ wò níjọ́ náà, mo sì bá adùn àgbọn níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ṣèèṣì ni. Mo tilẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀rọ̀ pé Màmá da nǹkan kan sí ẹ̀wà, kí ó má sọ síta. Mo sọ èyí fún ìyàwó mi lórí bẹ́ńṣì yẹn, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìkómọ.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "O ti jẹ fréjọ̀n, o ò mọ̀! Àwọn ìbejì ti jẹ fréjọ̀n kí wọ́n tó léyín." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn mọ́ tó mọ orúkọ òun. Ilé náà ti di ti ẹlòmíràn, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí ìdajì fèrèsé rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí a wọlé lọ kí wọn. Ó ní rárá. Ó fi búrẹ́dì nu àwo náà mọ́ féfé, ó gbé e padà fún olóńjẹ fúnra rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń dúpẹ́. Olóńjẹ náà kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta fréjọ̀n ní oṣù Kọkànlá, mi ò sì ní fi í sínú ètò kankan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá àdúgbò tí ẹnìkan nínú yín ti ní asẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà Ọbáléńdé kò gùn láti ibẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ti ń wúwo, ẹmu ti gbéra. A kò yára. Orúkọ Ọbáléńdé fúnra rẹ̀ ń sọ pé ọba ló lé àwọn ará ibẹ̀ débẹ̀, àwa ni ebi tún lé débẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti jẹ. Èéfín sùyà la kọ́kọ́ rí, a rí i kí a tó rí iná. Mállàm náà to irin sùyà yí iná ká bí ọgbà, ọ̀rá ń kán, iná ń fò mú un. Mo na ìka sí tósò, ibi iké màlúù tó lọ́ràá. Ó yọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí ìwé ìròyìn, àlùbọ́sà tẹ̀lé e, tòmátì tẹ̀lé e. Ìyàwó mi ní kí n fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un. Mo ní ṣé èmi ni Da Rocha ni? Ó ní omi tí mo fún òun mu ní Kakawa ńkọ́, ṣé òun san owó rẹ̀ ni?

Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un.

Mállàm gbé agolo yájì sókè. "Ata kékeré àbí púpọ̀?"

"Kékeré," mo wí.

"Púpọ̀," òun náà wí, lẹ́nu kan náà.

Mállàm wo èmi, ó wo òun, ó fa ọ̀bẹ rẹ̀ gba àárín ẹran náà bí ẹni tó ń pín oko, ó da ata pupa sí apá kan, ó wọ́n díẹ̀ sí apá kejì, ó ká ìwé náà, ó sì fi lé wa lọ́wọ́. A pe takisi lórí fóònù. Nínú ọkọ̀, iná títì ń kọjá lójú wa, ìwé sùyà wà lórí itan rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ ti ń jò sí aṣọ. Nígbà tí a fi máa gun orí afárá, ẹran ti yí, mi ò mọ ibi tí ààlà wà mọ́. Mo mú ọ̀kan sẹ́nu, ata gba orí mi.

"Ìwọ lo jókòó sí ọwọ́ tèmi," ó wí, ó sì ń wá àlùbọ́sà.